Ọ̀rá Òkun Yìnyín Lọ́jà Ajah

Ẹja tó lọ́ràá jù lọ lọ́jà Ajah kì í ṣe ọmọ òkun Ajah. Ẹni tó bá tètè débẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja ń fi ọ̀bẹ ya páálí, á fi ojú ara rẹ̀ rí i. Páálí ẹja Titus, tí àwọn àgbà ń pè ní òkú Èkó, ń gba ogún kílò. Lára páálí ni wọ́n tẹ orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún ẹja náà sí, Scomber scombrus, wọ́n sì tẹ ibi tí wọ́n ti pa á sábẹ́ rẹ̀: Norway. Páálí ṣáwá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òkun àríwá lòun náà ti wá. Lórí pákó tó wà lókè ni páńlá gbígbẹ wà, orí lọ́tọ̀, ara lọ́tọ̀. Orí ni owó rẹ̀ kò gani lára jù. Gbogbo wọn rin ohun tó ju 6,000 kìlómítà lọ kí wọ́n tó dé ọjà tí kò jìnnà sí etí òkun.

Mo bi ìyá tí mò ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí Titus fi lọ́ràá tó báyìí. Ó mú ọ̀kan tí yìnyín ara rẹ̀ ti ń yọ́, ó la ikùn rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ara ikùn náà, ohun funfun kan tó ń dán yọ sí i ní èékánná.

"Wò ó, ọkọ mi. Òróró ara rẹ̀ nìyẹn. Tó o bá fẹ́ dín in, má wulẹ̀ da òróró púpọ̀ sí i."

"Kí ló wá fà á, mà?"

"Ibi tútù ló ti wá. Ẹja ibi tútù gbọ́dọ̀ wọṣọ."

Ìdáhùn rẹ̀ dára. Ẹni tó rán aṣọ náà ni mo wá ń wá. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi ṣí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà. Ó kọ́kọ́ wò mí dáadáa, bóyá orí mi pé, lẹ́yìn náà ló ṣí i. Níwájú ibi pupa tí ẹja fi ń mí, egungun tín-ín-rín tò jọ bí eyín òòyà. Nígbà tí ẹja bá la ẹnu tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ, omi á gba àárín wọn kọjá, ohun tó bá sì há síbẹ̀ ni yóò gbé mì. Ní òkun Norway, nígbà ooru wọn, ohun tó ń há síbẹ̀ jù lọ ni ẹ̀dá kan tí kò ju mílímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Calanus finmarchicus ni wọ́n ń pè é. Ìbátan edé àti akàn ni, ara rẹ̀ mọ́ gaara, àpò òróró kan sì wà ní àárín rẹ̀ tó lè gba èyí tó pọ̀ nínú ara rẹ̀. Ọ̀rá tí ìyá ẹlẹ́ja fi èékánná gbé, ọ̀dọ̀ ẹ̀dá yìí ni Titus ti gbà á.

Ẹ̀dá náà kò sì dá ibi tí yóò gbé yàn fúnra rẹ̀. Omi ló ń gbé e lọ síbi tó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ omi tó ń gbé ẹ̀dá kiri yìí ni mo bá rìn láti Lekki dé Ajah, dé Badore, títí dé Ìbẹ́jú-Lẹ́kí.

Láti Lekki Fèésì Kínní ni mo ti wọ kórópe láàárọ̀ yẹn. Ọ̀nà náà kò yẹ kó gba àyè púpọ̀ nínú àròkọ yìí. Ó ti gba tirẹ̀ tó nínú ọjọ́ ayé wa. Jákáńdè, Ìgbò-Ẹ̀fọ̀n, Chevron, Ìkọ̀tà, VGC, lẹ́yìn náà ni afárá Jubilee tí wọ́n ṣí ní 2017 kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah lè dínkù. Ó dínkù díẹ̀. Ohun tí mò ń wò láti ojú fèrèsé ni bí ilẹ̀ yìí ṣe rí tẹ́ẹ́rẹ́. Òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀sà wà lọ́wọ́ òsì, iyanrìn ló wà láàárín, lórí iyanrìn náà la sì kọ́ gbogbo ilé wọ̀nyẹn sí.

Iyanrìn náà ń rìn, ìrìn rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ará Lekki. Ìgbì tó ń fi ẹ̀gbẹ́ gbá etíkun ló ń tì í láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, lójoojúmọ́ ayé. Nígbà tí ìjọba àwọn òyìnbó to òkúta sínú òkun lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó láàárín 1908 sí 1912, kí ọkọ̀ ojú omi lè ráàyè wọlé, iyanrìn há sí apá ìwọ̀-oòrùn, ó wá ṣọ̀wọ́n ní apá kejì, títí òkun fi jẹ ilẹ̀ tó ju kìlómítà kan lọ ní Bar Beach. Ní Oṣù Kẹjọ 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo lóru, ó sì gbé èèyàn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba to òkúta sínú òkun lẹ́sẹẹsẹ lọ sí apá Lekki. Alágbàtà ilẹ̀ tí kò ka ìwé rí á jókòó ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọ, nítorí owó ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnì kan ò bá mi sọ̀rọ̀ rí nínú kórópe nípa ohun alààyè tí òkun yẹn ń rù kọjá lẹ́yìn ilé wa. Wọn kì í ta ìyẹn ní pulọ́ọ̀tì.

Ní Abraham Adésànyà ni mo ti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Òkun-Ajah. Ọ̀nà etíkun tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2024, tí wọ́n ní yóò ti Èkó dé Calabar, ti gba àdúgbò náà kọjá, ariwo katapílà sì ń bá ti ìgbì figagbága. Lẹ́yìn ariwo méjèèjì ni mo bá àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n. Ìlàjẹ wà nínú wọn, Ègùn wà, ọmọ Gánà wà. Ọkọ̀ ojú omi kan ti gbé àwọ̀n jáde lọ́nà kọ́rọ́kọ̀tọ̀, ó ti mú orí okùn kejì padà sí etíkun, wọ́n sì pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n ń fà á. Bí wọ́n ti ń fà á ni wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀ sí ìlà-oòrùn, tẹsẹ̀tẹsẹ̀ nínú iyanrìn, nítorí omi ń gbé àwọ̀n náà lọ. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ ìrìn yẹn. Ibi tí wọ́n ti ju àwọ̀n sómi kọ́ ni wọ́n ti ń fà á jáde, gbogbo wọn ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìdí àwọ̀n dé ilẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, akàn mélòó kan, nílọ́ọ̀nù ìpápánu lóríṣiríṣi, àti jẹ́lífíìṣì tí ara wọn mọ́ gaara tó ń rọ̀ yọ̀bọ̀tọ̀ nínú iyanrìn. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n wo ọ̀kan dáadáa.

"Bọ̀dá, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Á jó yín." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi igi gbá a sẹ́yìn.

Jẹ́lífíìṣì tó ń dà wọ́n láàmú yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá tí mo wá wò. Plankton ni àwọn onímọ̀ ń pe gbogbo ẹ̀dá inú omi tí agbára wọn kò ká ìṣàn omi. Ewéko wà nínú wọn, ẹranko sì wà. Nínú àwọn ẹranko náà la ti ń rí jẹ́lífíìṣì, ọmọ akàn tí kò tíì jọ akàn, ẹyin ẹja, ọmọ ẹja tí kò tíì lè dá omi kọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kópépọ́ọ̀dù, ìdílé tí Calanus ti wá. Wọ́n lè lọ sókè, wọ́n lè lọ sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń gòkè lóru, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lójúmọmọ kí ẹja má baà rí wọn. Ṣùgbọ́n bí ìṣàn omi bá ń lọ sí ìlà-oòrùn, ìlà-oòrùn ni wọ́n ń lọ.

Ìṣàn tó gba iwájú Òkun-Ajah kọjá ni wọ́n ń pè ní Ìṣàn Guinea. Láti apá Làìbéríà ló ti ń bọ̀, ó ń gba Côte d'Ivoire, Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ sí apá Kamẹrúùnù. Omi gbígbóná ni, iyọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀ jù, nítorí òjò àti odò ń da omi sí i. Ibẹ̀ ni wàhálà ẹja wa ti bẹ̀rẹ̀. Omi gbígbóná fúyẹ́, orí omi tútù ló ń dúró sí, àwọn méjèèjì kì í tètè pò pọ̀. Ohun tó ń mú ewéko inú omi dàgbà, bí ajílẹ̀ tí ń mú iṣu ta, wà nísàlẹ̀ nínú òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn wà lókè. Bí wọn kò bá pàdé, ewéko kò ní pọ̀. Bí ewéko kò bá pọ̀, kópépọ́ọ̀dù kò ní sanra. Ẹja tó ń jẹ ẹ́ náà kò ní rí ọ̀rá kó sára.

Ọmọ Gánà kan tó ń tún àwọ̀n ṣe, tí Yorùbá rẹ̀ já geere ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ Fèésì Kínní lọ, ló sọ ohun tó kù fún mi láìmọ̀ pé òun ń kọ́ mi níwèé. "Lọ́dọ̀ wa, omi a máa tutù. Láti Oṣù Keje. Tó bá ti tutù, ẹja ti dé nìyẹn. Ti ibí yìí kì í tutù bẹ́ẹ̀."

Bó ṣe wí náà ló rí. Láti Oṣù Keje dé Oṣù Kẹsàn-án, omi ìsàlẹ̀ máa ń yọ sókè létíkun Gánà àti Côte d'Ivoire, ojú òkun á tutù lọ sí ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 25 lórí Celsius, ewéko inú omi á gbalẹ̀. Bí ilẹ̀ wọn ṣe yọ ṣóńṣó wọ inú òkun ní Cape Palmas àti Cape Three Points wà lára ohun tó fà á, ìṣàn omi àti afẹ́fẹ́ náà sì lọ́wọ́ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń bára wọn jiyàn lórí èyí tó lágbára jù. Nígbà náà ni kópépọ́ọ̀dù kan tó ń jẹ́ Calanoides carinatus á gòkè wá láti inú ibú tó jìn tó ọgọ́rùn-ún mítà lọ́nà márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tó ti sùn láti ọdún tó kọjá láìjẹun. Á jẹ, á bímọ, ọmọ á tún bímọ, ẹja sardinella á sì tẹ̀ lé wọn wá sí etíkun. Bí òtútù bá ti ń lọ, àwọn tó kù nínú wọn á kó òróró sára, wọ́n á tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn. Ìṣàn Guinea á sì gbé omi tó ti gbóná padà wá bá wa ní Lekki.

Mi ò sọ pé òkun wa ṣófo. Edé wa kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni, ohun tí odò ńláńlá ń da sínú òkun láti apá Niger sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n kò síbi tí èèyàn ti lè la ẹja ikùn pẹlẹbẹ tó bọ́ sílẹ̀ ní Òkun-Ajah tó máa bá irú ọ̀rá tó wà nínú páálí yẹn.

Ohun tí omi Gánà ń ṣe fún oṣù díẹ̀, òkun àríwá ń ṣe é ní títóbi. Nígbà òtútù wọn, ìjì á da omi rú láti òkè dé ìsàlẹ̀, ajílẹ̀ inú ibú á gòkè. Oòrùn kò sí nígbà náà, nítorí náà kò sí ewéko. Calanus wà nísàlẹ̀, nínú ibú tó jìn láti 500 mítà dé ohun tó ju 1,000 lọ, ó ń fi òróró ara rẹ̀ tọ́jú ẹ̀mí. Bí oòrùn bá padà, ewéko á bú yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Calanus á gòkè wá jẹun, á yé ẹyin. Omi tó gbé e dání nígbà náà ni omi Àtìláńtíìkì tó ń ti ìhà gúúsù bọ̀, tó ń gba àárín Scotland àti Iceland kọjá, tó ń fẹ̀gbẹ́ ra Norway lọ sókè. Nígbà tó bá dé òkè pátápátá, á pín sí méjì: apá kan á wọ Òkun Barents, apá kejì á gba ẹ̀gbẹ́ erékùṣù Svalbard wọ inú òkun yìnyín.

Ìpínyà omi yìí ló ń pín àwọn ẹ̀dá náà sí àdúgbò. Nínú omi Àtìláńtíìkì, finmarchicus ló ni ilé. Nínú omi tútù tó wà lórí pẹpẹ ilẹ̀ òkun yìnyín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò bá ọ pàdé, Calanus glacialis, tó tóbi jù ú lọ, tó sì lọ́ràá jù ú lọ. Nínú ibú tó jìn jù ni Calanus hyperboreus, èyí tó tóbi jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá bu omi ní Svalbard, tó wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, lè sọ ibi tí omi náà ti ṣẹ̀ wá láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ó kàn máa ka ẹ̀dá inú rẹ̀ ni. Ẹyẹ kékeré kan wà níbẹ̀, Alle alle, tó ń gbé glacialis lọ fún ọmọ rẹ̀ nínú ihò àpáta. Lọ́dún tí omi Àtìláńtíìkì bá ya wọ àdúgbò náà jù, finmarchicus kékeré ló máa pọ̀, ẹyẹ náà á sì fi ọ̀pọ̀ wákàtí kún ìrìn àjò rẹ̀ kí ọmọ tó yó.

Páńlá náà gbẹ́kẹ̀ lé ìṣàn omi yìí. Ẹja kọ́ọ̀dù tí wọ́n ń sá gbẹ di páńlá níta lórí àgbékọ́ igi ní Lofoten, ní Norway, máa ń kúrò ní Òkun Barents láàárín Oṣù Kìíní sí Oṣù Kẹrin, á sọ̀ kalẹ̀ wá yé ẹyin sí etíkun Norway. Ẹyin náà kò lápá, kò lẹ́sẹ̀. Ìṣàn omi ló ń gbé e padà sí Barents. Lójú ọ̀nà ni ọmọ ti ń yọ, ọmọ Calanus ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá pàdé. Bó bá yọ kí oúnjẹ rẹ̀ tó pọ̀, ebi ni yóò pa á. Nínú ogun 1967 sí 1970, páńlá wà lára oúnjẹ àrànṣe tí wọ́n kó wá fún ará Biafra, títí di òní ni orí rẹ̀ sì ń bọ̀ ní Nàìjíríà ju ibòmíràn lọ. Gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ ló jẹ ọ̀kan nínú àwọn tí ìṣàn náà gbé débi oúnjẹ lásìkò.

Apá gúúsù ayé kò yàtọ̀. Ìṣàn kan wà tó yí Antarctica po láìdúró, kò sí ilẹ̀ tó dí i lọ́nà. Òun ló ń gbé krill, edé pupa tí kò ju ìwọ̀n ìka ọwọ́ lọ, láti etí Antarctica lọ sí erékùṣù South Georgia. Òbítíbitì ẹyẹ penguin àti ẹran òkun tó wà níbẹ̀ ń jẹ ohun tí a bí níbòmíràn.

Ọ̀sà ni mo lọ nírọ̀lẹ́. Badore wà lẹ́yìn Ajah, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò lọ sí Ìjẹ̀dẹ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo bu omi sínú ìgò tí kò láwọ̀, mo tan iná fóònù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, mi ò rí nǹkan kan ju ìdọ̀tí lọ. Nígbà tó yá, ìdọ̀tí kan fò. Ó dúró, ó tún fò, ó ń já wọ inú ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwà agídí. Òmíràn tẹ̀ lé e. Láìpẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìgò tí iná wà kún fún ohun wínníwínní tó ń ta pọ́nún.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wò?" Ọmọkùnrin kan tó gbé báàgì ilé-ìwé kọ́rùn dúró tì mí.

"Oúnjẹ ẹja."

"Ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́?"

Mo ní gbogbo wa là ń jẹ ẹ́. Kò gbà mí gbọ́, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti ń pè.

Ọ̀sà Èkó jẹ́ ibi tí èèyàn ti lè rí gbogbo ohun tí mo ti ń sọ nípa òkun ńlá, ní kékeré, láàárín ọdún kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò ò ní agbára, omi iyọ̀ á gba ẹnu èbúté wọlé, á tàn ká inú ọ̀sà, á sì kó kópépọ́ọ̀dù òkun lọ́wọ́. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, odò Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ya wọlé, wọ́n á ti omi iyọ̀ padà síta, àwọn ẹ̀dá omi dídùn á gba ipò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláníyan ti Yunifásítì Èkó gbé ìwádìí jáde ní 1969 lórí bí àwọn plankton ọ̀sà gúúsù ìwọ̀-oòrùn wa ṣe ń bá ìgbà yí. Ṣáájú rẹ̀, J. E. Webb, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ti ṣàpèjúwe ẹ̀dá kan láti inú iyanrìn ọ̀sà yìí ní 1955, ó sọ ọ́ ní Branchiostoma nigeriense. Ó jọ ẹja tín-ín-rín, àmọ́ kò ní egungun, kò sì ní ojú bíi ti ẹja. Ohun tó yani lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé òjò ń pa á run nínú ọ̀sà lọ́dọọdún, nítorí kò lè fara da omi dídùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń léfòó nínú òkun á tún bá omi iyọ̀ wọlé, wọ́n á tún ìlú náà tẹ̀ dó. Ẹ lọ sí Ọ̀sà Lekki lápá ìlà-oòrùn, níbi tí omi iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, ẹ ò ní bá irú wọn. Kò sí ògiri láàárín ọ̀sà méjèèjì. Omi nìkan ló yàtọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó kọjá sí Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, mo tún ya ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja. Ó ń bínú, kì í ṣe sí mi. Owó páálí ti tún gbéra. Mo bi í léèrè pé kí ló fà á.

"Dọ́là ni. Kí ló tún kù?"

Òótọ́ ló sọ, dọ́là ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí ilé ìfowópamọ́ kò lè ṣàlàyé: inú òkun ló wà. Alister Hardy, ará Britain kan tó bá ọkọ̀ Discovery lọ sí òkun Antarctica láàárín 1925 sí 1927 láti lọ wo krill, ṣe ẹ̀rọ kan tí ọkọ̀ akẹ́rù lè máa fà lẹ́yìn bó ti ń lọ lójú ọ̀nà òwò rẹ̀. Omi ń wọ inú ẹ̀rọ náà, aṣọ sílíìkì tó ń ká díẹ̀díẹ̀ ń sẹ́ ẹ, plankton sì ń há sára aṣọ náà. Láti 1931 ni wọ́n ti ń fà á káàkiri òkun àríwá, wọn kò sì tíì dáwọ́ dúró ju ìgbà ogun lọ. Láti ara aṣọ yẹn ni wọ́n ti mọ̀ pé láàárín àwọn ọdún 1960 sí àwọn ọdún 1990, Calanus finmarchicus dínkù ní Òkun North Sea tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tó kù kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ. Ìbátan rẹ̀ tó fẹ́ràn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí kì í bá ìgbà ọmọ kọ́ọ̀dù mu, ló gba ilé. Láàárín ogójì ọdún, àwọn kópépọ́ọ̀dù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tì sókè sí àríwá tó ohun tó ju 1,000 kìlómítà lọ.

Titus náà rìn. Láti nǹkan bí 2007 ló ti ń dé omi Iceland lọ́pọ̀ yanturu, nígbà tó yá ó dé Greenland. Àwọn kan ní omi tó ń gbóná ló fà á, àwọn kan ní oúnjẹ tó ń wá ni, àwọn kan ní ẹja náà ló pọ̀ jù fún àyè rẹ̀. Ó jọ pé gbogbo rẹ̀ ló lọ́wọ́ níbẹ̀. Iceland ní ẹja tó bá wọ ilé òun, òun lòun ni ín. Norway àti ìjọba Yúróòpù ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kò rí ìpín kan fẹnu kò sí nígbà náà, kálukú ń pa iye tó wù ú, ní 2019 sì ni wọ́n gba ìwé ẹ̀rí tó ń fi hàn pé wọ́n ń pa ẹja náà níwọ̀ntúnwọ̀nsì kúrò lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ̀ tiwa nílẹ̀ adúláwọ̀ kò sàn jù. Àwọn onímọ̀ Gánà tó ń wọn plankton òkun wọn láti 1969 dé 1992 rí i pé ó ń dínkù bí omi ti ń gbóná. Nígbà tó fi di 2019, ìjọba ibẹ̀ ti ní kí àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ igi pẹ̀lú máa sinmi fún àkókò kan lọ́dún.

Mo sọ díẹ̀ nínú èyí fún ìyá náà. Ó gbọ́ ọ parí, ó sì ta Titus mẹ́ta fún ẹlòmíràn láàárín ọ̀rọ̀ mi. "Ìyẹn ni pé wọ́n ń jà lórí ẹja mi," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Lẹ́yìn Sangotẹ́dó, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ń já gaara díẹ̀, ọkọ̀ trélà sì ń pọ̀ sí i. Ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún ni ilé ìfọpo Dangote wà, àti èbúté Lekki tí wọ́n ṣí ní Oṣù Kìíní 2023. Mo dúró ní abúlé apẹja kan tí a ti lè rí kíréènì èbúté náà láti etí omi. Bàbá kan ń yọ omi kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ike, mo kí i kú iṣẹ́, ó ní kí n jókòó. Ó fẹ́ mọ ohun tí mò ń wá. Mo ní bí omi ṣe ń gbé ẹ̀dá kiri.

Ó nawọ́ sí ọkọ̀ epo kan tó dúró lójú agbami. "Ìyẹn náà ń gbé omi kiri."

Mi ò tíì mẹ́nu kan omi tí ọkọ̀ ń gbé rárá. Ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ lófìfo láti wá gba ẹrù ní láti fa omi òkun sínú ikùn rẹ̀ ní ibi tó ti gbéra kó má baà dojú dé, á sì tú u síta bó bá ti ń gba ẹrù. Ọ̀kẹ́ àìmọye kópépọ́ọ̀dù, ọmọ akàn àti ẹyin ẹja ló ń bá omi yẹn rìn, lọ sí ibi tí ìṣàn òkun kankan kì bá gbé wọn dé. Láàárín àwọn ọdún 1980, ẹ̀dá kan tó jọ jẹ́lífíìṣì, Mnemiopsis leidyi, bá irú omi bẹ́ẹ̀ kúrò ní etíkun Amẹ́ríkà dé Òkun Dúdú. Ó jẹ plankton ibẹ̀, ó jẹ ẹyin ẹja àti ọmọ ẹja, iye ẹja tí àwọn apẹja ibẹ̀ ń pa sì já wálẹ̀ kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí.

Mo sọ ọ́ fún bàbá náà bó ṣe rí. Ó da ike omi kan sí i.

"Kí wọ́n lọ da omi wọn nù kí wọ́n tó débí, ṣé mo ṣì í sọ?"

Kò ṣì í sọ. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe ní 2004, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Kẹsàn-án 2017, kọ́kọ́ gbà kí wọ́n pààrọ̀ omi náà lójú agbami, níbi tó jìnnà sí ilẹ̀ tó 200 máìlì òkun. Láti Oṣù Kẹsàn-án 2024, ìyẹn kò tó mọ́; ọkọ̀ tí òfin náà dè gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ pa ohun tó wà nínú omi náà kó tó tú u síta. Nàìjíríà wà lára àwọn tó tètè fọwọ́ sí i. Bàbá ní ó dára, ta ló wá ń gun ọkọ̀ wọn lọ yẹ̀ ẹ́ wò?